Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀ yín nílé láìdá iná sílẹ̀

Orin inú ọkọ̀ kì í tẹ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́rùn, pàápàá àwọn tó ra tòkunbọ̀ tí bébà sípíkà rẹ̀ ti gbó. Ènìyàn lè tún un ṣe fúnra rẹ̀, bí ó bá mọ ibi tí ewu wà.

Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (−) kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ wo iye ohm tó wà lẹ́yìn sípíkà àtijọ́. 4 ló wọ́pọ̀. Bí ti tuntun bá kéré ju èyí tí rédíò lè gbé lọ, rédíò yóò gbóná, ó sì lè bàjẹ́.

Níbo ni iná ti ń wá?

Láti bátìrì ni wáyà ańpilifáyà ti ń wá tààrà. Volt 12 kò lè gbé ènìyàn bí iná ilé, ṣùgbọ́n bí wáyà náà bá bó tó sì kan irin ọkọ̀, yóò pọ́n bí ẹyín iná.

Nítorí náà, ẹ fi fíùsì sí ìtòsí bátìrì, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Èyí tó wà lára ańpilifáyà kò lè dáàbò bo wáyà tó wà láàárín. Ẹ fi rọ́bà bo wáyà níbi tó bá ti gba ihò irin kọjá.

Bí fíùsì bá ń jó léraléra, ẹ má fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà.