Bí wọ́n ṣe ń múra aláìsàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ inú

Ọdún 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tó di ilé ìwòsàn Baptist. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen ni lónìí. Nígbà tó yá, àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Ará Èkó-Ẹndẹ́, Ìnísà tàbí Òkukù tí ìpá ń dà láàmú, tàbí tí ìju wà nínú rẹ̀, kò ní láti dé Èkó mọ́ kó tó rí oníṣẹ́ abẹ.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún un kó tó dé orí tábìlì? Ohun tó jẹ wọ́n lógún jù ni kí ikùn rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun lè bì, kí èébì náà sì gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1946, Dókítà Curtis Mendelson ní New York ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin tó ń rọbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin “má jẹ, má mu láti ọ̀gànjọ́ òru” fìdí múlẹ̀ káàkiri ayé. Òfin náà gba ẹ̀mí là, àmọ́ wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù: aláìsàn tí iṣẹ́ rẹ̀ di ọ̀sán lè wà láìmu omi fún wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn ni kò kà á sí. Ní 1936, Hiram Studley, oníṣẹ́ abẹ ní Cleveland, wo àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí ọgbẹ́ inú. Nínú àwọn tó ti pàdánù ju ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, ẹnì kan nínú mẹ́ta ló kú. Nínú àwọn yòókù, àwọn tó kú kò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀bẹ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ara tí wọ́n gbé wá ló yàtọ̀.

Òṣùwọ̀n tí Studley gbára lé yìí náà ni Dókítà David Morley gbé lé àwọn ìyá lọ́wọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà, ní àwọn ọdún 1950. Ó ṣe káàdì tí wọ́n fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, kí wọ́n lè rí ebi kó tó hàn lójú. Ó yani lẹ́nu pé ó pẹ́ kí irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ tó kan àgbàlagbà tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kọ mímu ni wọ́n sábà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ èròjà tí ara fi ń wo ọgbẹ́ sàn kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gì tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà lú, irú èyí tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì ṣe, fi wúlò. Ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tún ni nǹkan mìíràn. Láti 1942 tí àwọn dókítà Adams àti Lundy ti dábàá gíráàmù 10 èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ (hemoglobin) nínú ìdá mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ṣe ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí ibà àti aràn ti ń fa ẹ̀jẹ̀ gbẹ, ààlà náà kì í rọrùn láti dé. Oògùn aràn àti oògùn tó ń fún ara ní irin máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹ̀jẹ̀ padà sípò.

Láti 2001 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Yúróòpù, tí Ken Fearon àti Olle Ljungqvist wà lára wọn, ti ń kó gbogbo èyí pọ̀. Oúnjẹ líle dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán ní wákàtí 2. Aláìsàn ń rìn lójoojúmọ́, ó ń mí kanlẹ̀, ó sì jáwọ́ nínú sìgá. Ẹni tó bá ti pàdánù ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láàárín oṣù 6, wọ́n á sún iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n lè bọ́ ọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní agbègbè wa máa ń gbé ìpá kiri fún ọdún púpọ̀, tí ó fi há mọ́ wọn lára lóru ọjọ́ kan, tí dókítà kò sì ní ju wákàtí mélòó kan lọ.