Jẹ́lé-ó-sinmi àti Èdè Ọmọdé: Láti Àgbádárìgì dé Òkukù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ọmọdé gbà bọ́ sí ọwọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, àti ipò tí èdè wa wà nínú rẹ̀.

Kí ilé-ìwé tó dé, ìyá àti ìyá àgbà ni olùkọ́. Oríkì ni wọ́n fi ń jí ọmọ, àlọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ìwà. Oríkì Òkukù jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Karin Barber fi kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1991.

Ní 1842, Thomas Birch Freeman àti William de Graft ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1843 ń jẹ́ "Nursery of the Infant Church". Kí a má ṣi orúkọ yìí gbọ́: ìjọ gan-an ni ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń wí.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ọmọ ọdún 6 ni ó kàn. Àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù sọ́wọ́ òbí, ìjọ àti aládàáni. Àyè yìí ni jẹ́lé-ó-sinmi wá dí, kí ìyá lè ráyè lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ilé ti ń sinmi, èdè ilé náà ń sinmi pẹ̀lú. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, a ń rí ọmọ tí ó ka iye dé 100 ní Gẹ̀ẹ́sì, tí kò lè ka ení, èjì dé ogún. Àwa olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni à ń bá àbájáde rẹ̀ pàdé nínú ìwé ìdánwò.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977 ti ní kí a fi èdè abínibí kọ́ wọn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 sì fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 6 kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ni wọ́n wọ́gi lé ní oṣù Kọkànlá 2025.

Èyí kò dí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìjọ tí ó ti ní odidi Bíbélì Yorùbá láti 1884 kò ní àwáwí. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ tí a wà nínú ìjọ wọ̀nyí fi àlọ́, oríkì àti òǹkà Yorùbá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.