Kọ́ọ̀dù Asinnisọ́nà

Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ bí wọ́n ṣe ń to orin ìgbàlódé ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀rọ̀ kan ló kọ́kọ́ ń dí wa lọ́wọ́: orúkọ kọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín kọ́ọ̀dù ńlá méjì. Guodu hexian ni àwọn Ṣáínà ń pè é. Àwọn onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pè é. Bí a bá kàn túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà sí "kọ́ọ̀dù ìkọjá", kò tó. Ohun tó kàn ń kọjá lọ kò níṣẹ́ lọ́wọ́, èyí níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà. Bí d inú dò-rè-mí bá jẹ́ C, kọ́ọ̀dù C ní d, m, s; A máínọ̀ ní l, d, m. Èèyàn lè fò láti orí ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí èkejì, etí á gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń to orin ní Taipei àti Beijing fẹ́ràn láti fi kọ́ọ̀dù G sáàárín wọn, kí wọ́n sì gbé t sí béèsì. Béèsì á wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀: d, t, l. Kí etí tó fura, ó ti dé A máínọ̀. Bí onílé ṣe ń sin àlejò sọ́nà ni kọ́ọ̀dù yìí ṣe ń sin orin. Kọ́ọ̀dù asinnisọ́nà ni mo dábàá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "ìbáramu ohùn". Púpọ̀ nínú orin tí wọ́n ń pè ní zhongguofeng, ìyẹn orin ìgbàlódé tó ní àwọ̀ ìbílẹ̀ Ṣáínà, irú Qinghuaci tí akọrin Jay Chou gbé jáde ní 2007, orí ohùn márùn-ún ni wọ́n dúró lé jù: d, r, m, s, l. Ohùn f àti t kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu akọrin. Inú kọ́ọ̀dù ni wọ́n wà. Akọrin ń kọ ohùn ìbílẹ̀, dùùrù abẹ́ rẹ̀ sì ń rin ìrìn tí ohùn márùn-ún nìkan kò lè rìn. Ìrìn dùùrù yìí gan-an ni mo fẹ́ kí "ìbáramu ohùn" máa tọ́ka sí. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má pè é ní ègbè: ègbè ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, lílé ló sì ń dá lóhùn.

Ní ti ìtò kọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ni àwọn Ṣáínà fi ń kà á, bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà kọ ohùn nínú jianpu, ìlànà ìkọ orin wọn. Ìtò 4536251 gbajúmọ̀ láàárín wọn gan-an: F, G, E máínọ̀, A máínọ̀, D máínọ̀, G, C. Onídùùrù Ìbàdàn tó ń ka 2-5-1 kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀, nítorí náà kí nọ́ńbà dúró bó ṣe wà. Nígbà míì wọ́n á sọ E máínọ̀ di E7. Ohùn s inú rẹ̀ á gòkè díẹ̀, á sì máa fa etí lọ sí l. Nígbà tí G tó gbẹ̀yìn bá wá bọ́ sórí C, tí etí sinmi, "gúnlẹ̀" ni mo ń lò. "Parí" kò bá a mu, torí orin lè gúnlẹ̀ sórí C kó tún gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ sí F.