Ìkòkò Irin Tí Ó Bú ní Brockton, àti Òfin Tí Ó Tẹ̀lé E

Kò sí ìyá ilé kan láàrín wa tí kò mọ̀ pé bí omi bá ń hó, ọmọrí ìkòkò a máa gbọ̀n, a sì máa fò sókè. Agbára yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà há mọ́ inú ìkòkò irin ńlá tí à ń pè ní bọ́ílà, tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe pa ènìyàn, àti ohun tí àwọn alààyè rí kọ́ nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ òní.

Ìlú àwọn aránbàtà ni Brockton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tẹ́lẹ̀ rí. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ bàtà Grover wà, ilé alájà mẹ́rin tí a fi pákó kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù March, ọdún 1905, bọ́ílà ògbólógbòó kan ni wọ́n ń lò dípò èyí tí ó jẹ́ titun. Agogo mẹ́jọ kò tí ì lù tí èyí ògbólógbòó náà fi bú. Ó la àjà dé àjà, ó sì gba òrùlé jáde. Ilé wó lulẹ̀, iná ìdáná ràn mọ́ pákó, àwọn tí igi há mọ́ kò sì lè jáde. Ènìyàn 58 kú, nǹkan bí 150 sì fara pa. Iná ba òkú púpọ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé wọn kò lè dá wọn mọ̀.

Ta ni kí a bá wí? Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru ẹni tí ń tọ́jú bọ́ílà, nítorí òun pẹ̀lú kú níbẹ̀, kò sì lè gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí, a rí i pé inú irin gan-an ni àléébù wà. Ní ayé ìgbà náà, bí a bá ká irin pẹlẹbẹ láti fi ṣe bọ́ílà, a máa gbé etí kan gun orí èkejì, a sì kàn án ní ìṣó. Irin tí a kàn báyìí kì í rí roboto dáadáa. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí iná bá mú un, ibi ìsopọ̀ náà a tẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá sì tutù, a padà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin náà sán lábẹ́ ìsopọ̀, níbi tí ojú kò lè rí i. Àwọn baba wa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nígbà tí irin yìí lanu, omi inú rẹ̀, tí ó gbóná ju omi híhó lọ, di ooru lójijì. Omi tí ó bá sì di ooru a máa gba àyè tí ó tó ìlọ́po 1,600 èyí tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 1907, Massachusetts ṣe òfin, ó sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa fi ìlànà lélẹ̀ fún gbogbo bọ́ílà. Ohio ṣe tirẹ̀ ní 1911. Nígbà náà ni ìṣòro mìíràn dé: bọ́ílà tí ìpínlẹ̀ kan gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́. Nítorí èyí, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà yan ìgbìmọ̀ kan ní 1911, John A. Stevens sì ni alága rẹ̀. Ìwé òfin tí wọ́n pè ní ti ọdún 1914 jáde ní 1915. Ó pàṣẹ pé bí fífẹ̀ bọ́ílà bá ju íǹṣì 36 lọ, a kò gbọdọ̀ gbé etí irin gun ara wọn ní gígùn rẹ̀ mọ́: etí kan yóò kan èkejì, a ó sì fi abala irin bò wọ́n nínú àti lóde.

Nínú ìwé Deuteronomi, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé pé kí ó mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wá sórí ilé náà. Kò dúró kí ẹnìkan kọ́kọ́ já bọ́. Àwa ènìyàn ni a máa ń dúró. Ní Brockton, ènìyàn 58 kú kí a tó mọ odi náà.