Aago Ọwọ́ Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Ọ̀rọ̀ láti Ìfọ̀, Mòwé àti Ìbafọ̀

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kéré lójú. Kò ju ohun tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹni tí ó fẹ́ ra aago ọwọ́ àtijọ́ gbọ́dọ̀ béèrè ni àwa òpìtàn ń béèrè lọ́wọ́ ìwé àti ẹnu àgbà lójoojúmọ́: ta ni ó ṣe é, nígbà wo, ta ni ó ti fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, kí sì ni ó yí padà lára rẹ̀?

Kí aago tó di aago, agogo ni. Ohùn irin tí a ń lù ni àwọn baba wa fi sọ ẹ̀rọ tí ń ka wákàtí lórúkọ, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé aago mẹ́ta lù. Ṣáájú rẹ̀, a ní àkùkọ ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́ àti àṣálẹ́. Ìwọ̀nyí sì tó fún àgbẹ̀ àti ọlọ́jà. Wọn kò tó fún ọkọ̀ ojú irin. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Ìdó ní Èkó. Ní oṣù kẹta 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà náà, ó sì di oríta nígbà tí ẹ̀ka kan ya níbẹ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò. Ní irú oríta bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kì í ṣe ohun eré, nítorí ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ pàdé lórí irin kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1919, Nàìjíríà gba àkókò tí a ń lò títí di òní, tí ó fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich.

Ọ̀nà mìíràn ni aago gbà dé Mòwé àti Ìbafọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí ní 1978, ni ó sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́ lónìí. Àwọn tí owó ilé Èkó ga jù fún kó wá síbẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù baba wọn dání. Inú ẹrù wọ̀nyí ni aago àtijọ́ ti ń jáde.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi hàn mí ni Seiko 5, tí ilé iṣẹ́ Japan náà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1963. Kò ní bátìrì. Mímì ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó ń fún un lágbára. Ó ń sọ ọjọ́, ó ń sọ déètì. Kò ṣọ̀wọ́n rárá, àìmọye ni wọ́n ṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀wọ́n tàn yín láti gbé owó lé e.

Ọkùnrin kan ní Ìbafọ̀ gbé ọ̀kan wá fún mi láti rà. Ó ní bàbá òun, òṣìṣẹ́ ojú irin, ni ó wọ̀ ọ́ lọ wo ayẹyẹ òmìnira ní 1960. N kò bá a jiyàn. Mo yí aago náà dojú délẹ̀.

Ní ẹ̀yìn Seiko ìgbà náà, ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì ni a máa ń rí. Ọ̀kan ń sọ irú ẹ̀rọ tí ó wà nínú rẹ̀ àti irú ilé irin tí ó gbé e. Èkejì ni nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an. Nínú èkejì yìí, àmì àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tí ó parí ọdún tí a ṣe é. Àmì kejì ni oṣù: 1 dé 9 fún oṣù kìíní dé ìkẹsàn-án, lẹ́yìn náà O, N àti D. Ti ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 48, èyí ni oṣù kẹjọ ọdún tí 4 parí. Ọdún wo? 1964 ni, 1974 ni, àbí 1984? Nọ́ńbà yẹn nìkan kò lè sọ. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni ó dá ẹjọ́ náà, nítorí 6119 ni ó kọ, àárín ìparí àwọn ọdún 1960 sí àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì ń ṣe ẹ̀rọ 6119. 1974 ni.

Aago tí a ṣe ní 1974 kò lè rí ayẹyẹ òmìnira. Síbẹ̀, ẹ má ṣe yára pe ọkùnrin náà ní òpùrọ́. Ní ìparí 1974 ni ìjọba gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Údójì. Nígbà tí 1975 bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ gba àfikún owó oṣù tí a kà sẹ́yìn dé oṣù kẹrin 1974. Owó Údójì di rédíò, ó di alùpùpù, ó di aago. N kò sọ pé owó yẹn ni a fi ra eléyìí, nítorí ọjọ́ tí a ṣe aago ni nọ́ńbà ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí a rà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń rántí baba rẹ̀ nínú agbádá, tí aago ń dán lọ́wọ́ rẹ̀, lè fi ọjọ́ iyì kan rọ́pò òmíràn. Àwa tí a ti ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà mọ irú àṣìrántí bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí oníṣẹ́ aago ṣí i. Ẹ̀rọ 6119 ni ó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn àti inú fohùn ṣọ̀kan. Ojú rẹ̀ ni kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí nọ́ńbà kíkéré kan wà nísàlẹ̀ ojú aago, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 6, tí yóò dárúkọ ẹ̀rọ kan náà. Ọ̀dà ti bò ó. Àwọn lẹ́tà orúkọ náà sì nípọn, etí wọn ṣàn síta bí tàdáwà lórí ìwé tútù. Ẹnìkan ti tún ojú aago náà kùn. Àwọn àmì mìíràn tún wà tí olùrà gbọ́dọ̀ wò. Bí ọ̀dà tí ń tàn lóru bá ti pọ́n bíi tíì lójú aago, tí ó sì funfun báláú lára ọwọ́ tí ń tọ́ka wákàtí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àlejò. Bí igun ilé irin bá ti di kòríbótó, wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán an ju bí ó ti yẹ lọ. Bí orúkọ ọjọ́ bá ń yí sí èdè Sípáníìṣì, ó ṣòro láti gbà pé Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á.

Gbogbo èyí ń dín iye kù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Títí dé ibí, èmi àti àwọn oníṣòwò aago kò ní ìjà.

Ní Mòwé ni ọ̀nà wa ti pín. Ẹni tí ó ń ta aago níbẹ̀ fi ọ̀kan hàn mí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí. Nígbà tí mo gbé e sínú oòrùn, mo rí òjìji lẹ́tà méjì àti apá kan ọdún. Àwọn ilé iṣẹ́ a máa fún òṣìṣẹ́ tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní aago, wọn a sì gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun ni òun ní kí wọ́n ha á kúrò, nítorí àwọn oníbàárà kò fẹ́ orúkọ òkú lọ́wọ́ wọn. Mo lóye rẹ̀: ẹrù òkú kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ fi ra. Síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwa lára aago Japan náà ni ó fi òkúta yọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2017, ní New York, a ta Rolex Daytona tí ó jẹ́ ti òṣèré Paul Newman ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 17.7 dọ́là. Ìyàwó rẹ̀ ti ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, pé kí ó máa rọra wa ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá ti ha ọ̀rọ̀ yẹn kúrò kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dán, kí ni ì bá kù láti tọ́ka sí i?

Nítorí náà, mo ya àtúnṣe ẹni tí ń lo aago sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnṣe ẹni tí ó fẹ́ tà á. Nínú ìdérí ẹ̀yìn aago Ìbafọ̀ yẹn, àwọn oníṣẹ́ aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fi abẹ́rẹ́ kọ àmì wọn, bí àṣà wọn ti rí káàkiri ayé. Ọ̀kan fi ọdún sí i: 1981. Èyí fi hàn pé ẹnìkan ń wọ̀ ọ́ nígbà náà, ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á sí ohun tí ó tó náwó lé.

Mo sọ iye tí Seiko tí a ti tún ojú rẹ̀ kùn tó fún ọkùnrin náà, mo sì fi inú ìdérí hàn án. Ó wò ó títí. Ó béèrè bóyá ẹni tí ó kọ 1981 ṣì wà láyé. Lẹ́yìn náà, ó ní kí oníṣẹ́ aago dé e padà, ó so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní òun yóò kọ́kọ́ bi ìyá òun léèrè ibi tí bàbá òun ti ń tún aago ṣe.