Kíjìpá, Sányán àti Aṣọ Tí Ó Gba Orí Òkun Wá

Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà: báyìí ni àwọn baba wa ti pín aṣọ ní ipò-ipò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ó rò pé wọ́n ń fi kíjìpá ṣẹ̀sín ni, kò tíì fọwọ́ kan aṣọ náà rí. Òwú oko wa ni àwọn obìnrin gbọ̀n, tí wọ́n ran ní kíki, tí wọ́n sì hun lórí òfì fífẹ̀ tí ó dúró ti ògiri nínú ilé. Nítorí náà ni ó ṣe nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gún oko kì í fi í tètè rí i ya, tí ọyẹ́ kì í sì í ráyè dé ara ẹni tí ó bá fi bora. Ọ̀lẹ tí kò lè máa dá aṣọ lọ́dọọdún, kí ni ìbá tún wá kiri? Kìkì pé ó wúwo, a sì máa ha ara nígbà tí ó bá ṣì jẹ́ tuntun.

Ti àwọn ọkùnrin ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀já tín-ín-rín ni wọ́n ń hun, tí a óò wá rán pọ̀ di odindi aṣọ òfì, tí à ń pè ní aṣọ òkè. Sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹtù. Nínú ilé tí àwọn kòkòrò igbó kan para pọ̀ ta sára igi ni a ti máa ń rí òwú sányán láyé àtijọ́. A óò se é nínú omi eérú kí oje ara rẹ̀ lè yọ, a óò fọ̀ ọ́, a óò sì ran án bí ẹní ran òwú. Àwọ̀ ilẹ̀ tí ó bá a wá láti inú igbó náà ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹtù ní tirẹ̀, aró ni wọ́n pa á títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì dà bí ìyẹ́ ẹyẹ tí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àlàárì tí à ń fi yangàn yìí, sílíkì pupa rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé: àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi ràkúnmí gbé e láti Tìrípólì la aṣálẹ̀ já dé Kánò, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ tiwa ń lọ sẹ́yìn odi nígbà náà. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn obìnrin ń ra aṣọ òkè tí ó ti etíkun wa lọ, wọ́n sì ń gbé e kọ́ èjìká.

Àwọn kan máa ń sọ pé aṣọ Manchester ni ó pa iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Lórí kíjìpá híhagún, kò sí bí a ti lè fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún ní ìlà wẹ́wẹ́. Ìgbà tí aṣọ funfun ẹlẹ́rọ, tí ó fẹ́lẹ́ tí ó sì tẹ́jú, dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó rí ojú ibi tí yóò jó sí. Wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn sí i lára, wọ́n sì ya ọba Gẹ̀ẹ́sì sí i fún àjọ̀dún ìjọba rẹ̀ ní 1935. Bí wọ́n bá fa aṣọ náà yọ nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni.

Ìkánjú ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. Omi eérú tí a fi ń po aró kì í dá ní kíákíá, ni àwọn aláró kan bá gba sódà alágbára òyìnbó dípò rẹ̀. Bí ó bá sì pọ̀ jù, a máa jẹ aṣọ títí yóò fi máa ya lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Àwọn oníbàárà tí ń ti Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà wá sí Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà náà, àwọn aláró kò gbà, ní 1936 ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lórí ọ̀ràn náà.

Ní tèmi, aṣọ tí ó jẹ́ ti ilé wa pátápátá, kíjìpá àti sányán, ni ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa se ilé kòkòrò tàbí ran òwú nígbà tí òwú ẹlẹ́rọ wà lọ́jà. Bí o bá béèrè sányán lónìí, òwú ẹlẹ́rọ tí a rẹ ní àwọ̀ ilẹ̀ ni wọn yóò sábà nà sí ọ. Ó fúyẹ́, kì í mú ooru, owó rẹ̀ sì rọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń jókòó lé èjìká àgbàlagbà. Ìyàwó ọ̀ṣìngín tí yóò jó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò rí ìyẹn bí àbùkù.