Ètò Àsálà nígbà Ìjàm̀bá Iná

Ètò àsálà ni ìpinnu tí àwọn ará ilé kan, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ibi kan, ti jọ fẹnu kò sí kí iná tó ṣẹ́, nípa ọ̀nà tí olúkúlùkù yóò gbà jáde, ẹni tí yóò fa ọmọdé àti arúgbó lọ́wọ́, ibi tí gbogbo wọn yóò ti pàdé ní ìta gbangba, àti ẹni tí yóò ké sí àwọn panápaná. Kì í ṣe ètò pípa iná, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ètò kíkó ẹrù. Ẹ̀mí ènìyàn nìkan ni a ṣe é fún. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Iná, ọmọ ọ̀rara, ajónirun tí kì í wojú olówó kí ó fi tálákà sílẹ̀, jẹ́ ogun tí a ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọjọ́ tí aráyé ti ń dáná. Síbẹ̀ nígbà tí ó bá dé, àwọn tí ó ń bá lójijì pọ̀ ju àwọn tí ó ti múra dè é lọ.

Ohun tí ó mú kí ìmúrasílẹ̀ yìí di kò-ṣeé-má-ṣe ni pé àkókò kò sí. Nínú ilé òde òní, níbi tí àga, bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fóòmù àti ọ̀rá látòkè délẹ̀, àyè tí ènìyàn ní láti sá jáde láti ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn èéfín bá ti ké lè má ju ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 lọ. Èéfín ni ó sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ọwọ́ iná tó tẹ̀ wọ́n. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide ń gbé, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹni tí ó sùn kò fi ní jí, tí ẹni tí ó jí kò sì ní mọ ọ̀nà yàrá tí ó ti ń gbé láti ọdún mẹ́wàá. Òkè ni èéfín kọ́kọ́ ń lọ, ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ni pé kí a fi ọwọ́ àti orúnkún rìn nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ṣì mọ́ díẹ̀, kí a má ṣe nàró.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ ìwà iná. Nígbà tí koríko bẹẹrẹ jẹ́ òrùlé ilé wọn, tí ọyẹ́ sì ń gbẹ ohun gbogbo bí oṣù December bá ti wọlé, ẹyín iná kan ṣoṣo tí atẹ́gùn gbé tó láti sọ agbo ilé di eérú. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń to igi sórí iyàrá, tí wọ́n ń rẹ́ amọ̀ lé e kí ó di àjà, kí òrùlé lè jó tán lókè láìjẹ́ pé ohun tí ó wà ní ìyẹ̀wù bá a lọ. Ilẹ̀kùn iyàrá kọ̀ọ̀kan a sì máa kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàrin ẹní tí ènìyàn sùn lé àti ìta gbangba. Èmi kò sọ pé ilé àtijọ́ sàn ju tòde òní lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a fi páànù rọ́pò bẹẹrẹ, a rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ iná, a kò sì kíyè sí i pé ilé ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú síra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan gùn láàrin wọn, ti gba àgbàlá náà lọ́wọ́ wa.

Ìtàn tí ó kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York, ní ọjọ́ 25 oṣù March 1911, ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle, tí ó gba àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá nínú ilé gíga kan tí wọ́n ń pè ní Asch. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọmọ Júù àti ọmọ Ítálì tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá òkun wá wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́ nígbà tí iná ṣẹ́ nínú àjákù aṣọ ní àjà kẹjọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ fi tẹlifóònù kìlọ̀ fún àjà kẹwàá, níbi tí àwọn ọ̀gá jókòó sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ará ibẹ̀ ni ó gba orí òrùlé sá là. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kankan kò dé àjà kẹsàn-án, àfi ìgbà tí iná fúnra rẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n sáré lọ sí ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan, wọ́n bá a ní títì pa, nítorí pé àwọn olówó ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, kí a lè yẹ àpò wọn wò, kí wọ́n má baà jí aṣọ lọ. Àtẹ̀gùn irin tí a kàn mọ́ ara ògiri fún àsálà já lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ó rọ́ sórí rẹ̀. Àwọn panápaná dé kíákíá, ṣùgbọ́n àkàbà wọn kò tó àjà kẹjọ. Ènìyàn 146 ni ó kú lọ́jọ́ náà, obìnrin 123 àti ọkùnrin 23, láàrin àkókò tí kò tó ìdajì wákàtí.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Perkins wà lára àwọn tí ó dúró ní òpópónà tí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Òun ni ó wá di mínísítà ètò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ ààrẹ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn òfin tí ìpínlẹ̀ New York sì ṣe ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé ikú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí, tí ó ní kí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ wà ní ṣíṣí fún ẹni inú, kí òṣìṣẹ́ sì máa dánrawò bí wọn yóò ṣe jáde, wà lára gbòǹgbò ètò tí à ń lò lónìí.

Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 30 oṣù December 1903, ilé ìṣeré Iroquois ní Chicago ti jó, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 600, tí púpọ̀ nínú wọn kú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí sínú tàbí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣòro mọ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan, Carl Prinzler, tí ó yẹ kí ó wà nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ èrò tí ó bí ọ̀pá irin tí a ń fi dábùú ilẹ̀kùn, èyí tí ó jẹ́ pé kí ènìyàn kàn fara tì í, ilẹ̀kùn á ṣí síta. Síbẹ̀ ní Boston, ọjọ́ 28 oṣù November 1942, ilé fàájì Cocoanut Grove tún jó, ènìyàn 492 sì kú, nítorí pé ilẹ̀kùn tí ń yípo há mọ́ ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn rọ́ sí, tí àwọn ilẹ̀kùn mìíràn sì wà ní títì. Lọ́dọ̀ àwa náà, ní oṣù September 2002, iná ṣẹ́ lóru ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odógunyán, ní Ìkòròdú, àwọn òṣìṣẹ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ni ó sì bá lọ. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà, ti 1987, ti wà nígbà náà, ó sì sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni inú kò fi ní lè tètè ṣí i.

Bí a bá wo àwọn ìtàn wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe àìsí ilẹ̀kùn ni ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn bí kò ṣe ìbẹ̀rù olè. Ìbẹ̀rù kan náà ni ó ń gbé ilé wa. Nítorí olè ni a ṣe kan irin mọ́ gbogbo fèrèsé, tí a fi àgádágodo há ilẹ̀kùn onírin lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígi, tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí baálé ilé nìkan. Èmi kò ní kí a má ṣọ́ra fún olè. Ẹni tí olè ti jà rí mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí irin fèrèsé kan, ó kéré tán, nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ń sùn, jẹ́ èyí tí a lè ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì máa gbé ojú kan tí ọwọ́ ọmọdé tó, tí ọwọ́ ẹni tí ó dúró síta kò lè dé. Alágbẹ̀dẹ tí ó kan irin náà mọ́ ògiri lè ṣe èyí láàrin ọjọ́ kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lára owó tí a fi kan gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò tó láti jáde kúrò nínú ilé tí ń jó. Kí àwọn ará ilé jọ rìn yí ilé ká, láti yàrá dé yàrá, kí wọ́n sì wá ọ̀nà méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tàbí ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, àgbá epo tàbí sílíńdà gáàsì bá dí ọ̀nà, kí a gbé e kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn nígbà ìjàm̀bá yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí ó bá gbóná, iná wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó gba ọ̀nà kejì. Bí kò bá sí ọ̀nà kejì, kí ó ti ilẹ̀kùn náà, kí ó fi aṣọ tútù dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì lọ sójú fèrèsé láti ké. Ilẹ̀kùn tí a tì lẹ́yìn wa bí a ti ń jáde a máa dá èéfín àti iná dúró fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà sì lè jẹ́ ẹ̀mí ẹnìkan tí ó ṣì wà nínú ilé.

Ibi ìpàdé gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò lè ṣípò, igi kan, tàbí gétì aládùúgbò. Àìsí ibi ìpàdé ti pa ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá tí wọ́n padà wọlé lọ wá ọmọ tí ó ti jáde sí apá kejì ilé. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku, nítorí náà kò sí ẹrù, owó tàbí ìwé ẹ̀rí tí ó tó kí ènìyàn tún padà. Bí ẹnìkan bá kù nínú ilé, panápaná ni a ó sọ ọ́ fún. Ìta ni a ti ń pè wọ́n, lórí 112, tàbí 767 ní Èkó, kí a sì dárúkọ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítòsí, nítorí pé nọ́ḿbà ilé nìkan kì í sábà tó ní àdúgbò wa.

Òwe arọ tí a pa lẹ́ẹ̀kan kò dá arọ náà sí níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbé e. Arúgbó, aboyún, aláìsàn, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ràn gbọ́dọ̀ ní ẹni tí a dárúkọ fún wọn, kí a sì tún dárúkọ ẹlòmíràn tí yóò dípò rẹ̀ bí kò bá sí nílé. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n máa sùn ní ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀kùn.

Níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àlejò wà níbẹ̀ tí kò mọ ilé. Iná jó ilé gogoro NET ní Màrínà, Èkó, ní oṣù January 1983, ó sì jó Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù January 1985. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn nìkan ni ọ̀nà. Lífìtì lè dúró láàrin méjì tàbí kí ó gbé ènìyàn lọ bá iná gan-an. Ẹni kan ní àjà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ tí yóò sì ka àwọn ènìyàn níta. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n sọ àtẹ̀gùn ilé ọjà di ibi ìkẹ́rùsí, bí a ti ń rí i káàkiri ọjà Balógun ní Èkó, ń fi ẹ̀mí ara wọn àti ti oníbàárà wọn dógò, kí àwọn alákòóso ọjà má ṣe fojú fò ó.

Ètò tí a kò dánrawò kò tíì di ètò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn onímọ̀ ní kí a máa ṣe é, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan lóru, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọdé ni igbe ẹ̀rọ kì í jí lójú oorun, a kò sì lè mọ ọmọ tí yóò nílò kí a gbọ̀n ọ́n jí àfi bí a bá dán an wò. Nígbà tí ayálégbé tuntun bá kó dé, tàbí tí a bá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ètò ti yí padà nìyẹn: kí a mú un rin ọ̀nà méjèèjì, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí irin fèrèsé náà kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ó kó dé tó ṣú.